Bí Mo Ṣe Wá Ohùn Gìtá Bàbá Mi Lọ sí Igbó Agbọ́máfọhùn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wúkọ́ nísinsìnyí. Ẹni tó bá fẹ́ yán, kó yán. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun gbé ìkòkò kaná nílé, kó tètè lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí bí mo bá ti ya ẹnu sórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní í pa á dé fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọba. Èmi Ọdẹ́níran ni mo ń sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n rí nínú igbó tó ní òun kò bá tìjà wá, òun kàn ń kọjá lọ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí o jókòó sẹ́yìn ọ̀hún, mo rí ọ, ìwọ lo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí o ti wọlé ni mo ti ń fura sí ọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń fura. Ìfura loògùn àgbà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn mi, mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀ kan. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ràn mi, mo máa ń wo méjèèjì. Ìyẹn ló jẹ́ kí n pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọdẹ tí orí mi ṣì wà lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìfura gbà mí là lẹ́ẹ̀kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di apànìyàn lẹ́ẹ̀kan. N kò ní í fi ìkankan pamọ́ fún yín.

Olówóòkéré ni bàbá mi. Ọdẹ ni, ata-gìtá sì ni pẹ̀lú. Gìtá tirẹ̀ kì í ṣe gìtá onígi tó ní ihò níkùn o. Gìtá oníná ni, pupa bí epo. Bí ènìyàn bá ta á lásán, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Àfi kí a fi wáyà so ó mọ́ àpótí kékeré kan tí ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí Bàbá kì í jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa ní Òkè-Iṣin kó ta gìtá yẹn fún ìyá mi, Fẹ́hìntọlá. Ohùn náà a máa móoru díẹ̀, a sì máa họ díẹ̀ létí, bí ohùn ọkùnrin tó jẹun yó tó wá ń rọra pe ìyàwó rẹ̀ látinú iyàrá.

Ikú mú Bàbá. Ìyá mi kò sunkún. Ó dojú kọ ògiri, ó dákẹ́. Oṣù kan, kò sọ̀rọ̀. Oṣù kejì, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ohun tó ń jẹ lójúmọ́ kò tó èyí tí òròmọdìyẹ ń ṣà jẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá wò ó, ó pè mí síta, ó ní: "Ọdẹ́níran, àbúrò mi ń fetí sílẹ̀ ni. Gìtá ọkọ rẹ̀ ló ń retí. Bí kò bá gbọ́ ọ kí iṣu tuntun tó dé, yóò tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ síbi tí yóò ti gbọ́ ọ."

Mo gbé gìtá, mo jókòó ti ìyá mi, mo ta á. Kí ni ẹ rò pé ó jáde? Agolo tí wọ́n so mọ́ ìrù ajá! Ìyá mi yíjú, ó rí ọwọ́ ẹlòmíràn lára gìtá ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ di etí, ó kérora. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kérora. Nígbà náà ló yé mi pé ohun méjì ni mò ń wá. Mo gbọ́dọ̀ rí ohùn yẹn, mo sì gbọ́dọ̀ gbé e dé etí ìyá mi láìjẹ́ pé ó rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó ń ta á. Inú kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè gbà wọlé. Bàbá kò sì fi kásẹ́ẹ̀tì kankan sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí Bàbá ti kọ́ ọ. Ó sọ fún mi nígbà kan tó mu ẹmu yó pé ìyá iwin kan tó ní etí mẹ́fà, tí ń gbé inú Igbó Agbọ́máfọhùn, ló fi ohùn yẹn han òun. Mo ní ibẹ̀ náà ni n ó gbà lọ.

Ẹni tó ní òun yóò bá mi lọ ni Làmídì, ọkùnrin tí ń tún rẹdíò ṣe lábẹ́ igi ìyeyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Òun ló fi rẹdíò tó ti kú kan ṣe àpótí ohùn yẹn fún Bàbá. N kò pè é. Fúnra rẹ̀ ló wá, òun àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan tí ń lo bátìrì, àti màìkì kan ṣoṣo tó fi àkísà wé.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo gbọ́ pé ẹ ń lọ sí igbó. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé ẹrù."

"Kí lo fẹ́ gbà?"

"N kò fẹ́ gba nǹkan kan."

Ẹ gbọ́ mi o! Igbó tí àwọn ọdẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí wọ́n ń tutọ́ sílẹ̀, ọkùnrin tí kò pa ju aáyán lọ láyé rẹ̀ ní òun fẹ́ bá mi wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rántí pé kí Bàbá tó kú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo rí òun àti Làmídì tí wọ́n forí korí lórí gìtá yìí, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo wí lọ́kàn mi pé, "Àṣé gìtá yìí ti wọ ọkùnrin yìí lójú." Ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para jókòó sídìí iná. Ṣùgbọ́n mo gbà kó tẹ̀ lé mi, kí ojú mi lè máa wà lára rẹ̀; èmi gbé gìtá, òun gbé àpótí ohùn Bàbá, tí òun náà ń lo bátìrì.

A wọ igbó náà. A kò tíì rìn jìnnà tí a fi kan iwin kan tí ń jẹ́ Atúnwí. Ó ga tó ọ̀pẹ, gbogbo ara rẹ̀ lu ihò bí afárá oyin, ohunkóhun tí ènìyàn bá sì wí, ihò kọ̀ọ̀kan yóò máa wí i tẹ̀ lé ara wọn. Mo kí i, mo ní, "Ẹ ǹlẹ́ o!" Ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ ǹlẹ́ o, ẹ ǹlẹ́ o," títí tí n kò fi mọ ẹni tó kọ́kọ́ kí ènìyàn nínú èmi àti òun. Inú bí mi. Mo bú u. Háà! Èébú tí mo bú u lẹ́ẹ̀kan, ogójì ni mo gbà padà, ojú tì mí bí ẹni pé ìyá ìyàwó ló bú mi. Mo yìnbọn sókè, ìbọn kan di ogójì ìbọn, a da ojú bolẹ̀, ewé igbó ń já lé wa lórí.

Làmídì bá fọwọ́ kàn mí, ó fi ìka lé ètè. Ó bọ́ bàtà, èmi náà bọ́ tèmi. A dìde, a rọra kọjá láàárín ẹsẹ̀ iwin náà láìdún pinpin. Àṣé ìró ni oúnjẹ Atúnwí! Nígbà tí kò rí nǹkan kan jẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, ó súnkì títí ó fi tó òkìtì ọ̀gán. Nígbà tí a rékọjá, Làmídì ní: "Ohùn tó bá ń tún ara rẹ̀ wí jù, a kì í mọ ẹni tó ni ín mọ́."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, àbí? Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ta ló sọ fún Làmídì bí a ṣe ń kọjá lábẹ́ iwin? Láti ibẹ̀ lọ, mo ní kó máa rìn níwájú.

Ìlú tí a dé lẹ́yìn ìyẹn ni Ìlú Abariwobíàrá, orúkọ ọba wọn ni ìlú náà ń jẹ́. Kí a tó rí òrùlé ilé kankan ni a ti ń gbọ́ ariwo lẹ́sẹ̀, ilẹ̀ ń gbọ̀n. Ọba náà jókòó ní àfin, ogójì àpótí ohùn ló tò sẹ́yìn rẹ̀ dé àjà, dúdú, ńlá, tó ń dán, kókó tí à ń yí lára wọn sì pọ̀ ju ojú ọ̀pẹ òyìnbó lọ. Kò sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lórí pátákó, ó gbé e sókè: MO MỌ OHUN TÍ O WÁ. GBÉ GÌTÁ WÁ, KÍ O DÁN AN WÒ.

Mo so gìtá Bàbá mọ́ àwọn àpótí náà. Mo ta okùn kan péré. Ẹ̀yin ará, n kò ní í purọ́: mo di Ṣàngó! Ìró náà gbé fìlà kúrò lórí mi. Àyà mi wú, omi bọ́ lójú mi, mo ní, "Mo ti rí i! Ohùn Bàbá rèé, ó tilẹ̀ ti jù ú lọ!"

Ọba tún gbé pátákó sókè: GBÉ GBOGBO ÀPÓTÍ YÌÍ LỌ. GÌTÁ PUPA YẸN NÌKAN NI N Ó GBÀ. ÀWỌN ÈNÌYÀN MI YÓÒ BÁ Ọ GBÉ E DÉLÉ, N Ó SÌ FÚN Ọ NÍ GÌTÁ TUNTUN.

Làmídì fi ẹnu kàn mí létí, ó pariwo kí n tó lè gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ó pọ̀ jù! N kò gbọ́ okùn! N kò gbọ́ ìka yín!"

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní, "Ìlara ń ṣe ọ́."

Mo ti fẹ́ na gìtá sí ọba. Ojú ọdẹ tèmi yìí ló gbà mí, nítorí ojú ọdẹ kì í sinmi. Mo rí i pé gbogbo àwọn ará àfin ló fi òwú dí etí. Mo rí i pé òwú ti ọba fúnra rẹ̀ ló tóbi jù. Mo wo òde láti ojú fèrèsé, mo rí obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ ń rìn lọ sí etí kànga. Obìnrin náà ń pè é, ẹnu rẹ̀ là gbagada, ọmọ kò yíjú. Ó ju igi lù ú lẹ́yìn kó tó yíjú. Bí ó ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo bi ara mi léèrè pé: ọjà tó dára, kí ló dé tí ẹni tó ń tà á fi òwú dí etí sí i?

Mo fa gìtá mi padà. Mo mi orí fún ọba.

Ọba dìde, ó yí gbogbo kókó dé òpin. Ìró jáde, kì í ṣe ìró mọ́, ògiri ni. Ó tì mí ṣubú, ó tẹ àyà mi mọ́lẹ̀, eyín ń gbọ̀n lẹ́nu mi, ojú mi ń ṣú. Mo na ọwọ́ wá ìbọn, ọwọ́ kò gbé. Mo rí Làmídì tó ń fà nílẹ̀ bí ìgbín, ẹ̀jẹ̀ ń ti imú rẹ̀ jáde, ó rá dé ẹ̀yìn àwọn àpótí náà. Ó wá, ó wá, ó di wáyà kan mú, ó fà á yọ.

Wẹ́lo! Ìlú pa lọ́lọ́. Ènìyàn lè gbọ́ ìyẹ́ labalábá. Obìnrin tí mo wí lẹ́ẹ̀kan pe ọmọ rẹ̀, ó ní, "Àánú!" Ọmọ náà yíjú, ó wo ẹnu ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ẹyẹ ló fò jáde níbẹ̀. Ó ní, "Ṣé èmi nìyẹn?" Gbogbo ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òwú létí, wọ́n ń pe orúkọ ara wọn kiri ojú pópó, wọ́n ń sunkún. Ọba ń wá wáyà rẹ̀. Àwa kò dúró wo bó ṣe parí. Ẹsẹ̀ wa la fi bá ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ẹ ó sọ pé ó yẹ kí ìfura mi parí nígbà náà. Ẹ kò mọ̀ mí. Mo ní, ẹni tó fẹ́ jí gìtá kò ní í fẹ́ kí ọba gbà á kí òun tó jí i.

Ní ọjọ́ kejì, lójú ọ̀sán gangan, mo lọ pọn omi létí odò kan. Nígbà tí mo padà, mo bá Làmídì tó jókòó sórí òkúta, gìtá Bàbá lórí itan rẹ̀, kò sí okùn kankan lára gìtá mọ́. Ó ti tú gbogbo wọn! Mo na ìbọn sí i láyà.

"Olè! Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ọ́."

Làmídì kò sá. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n kò sá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo okùn náà kí ẹ tó yìnbọn. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ fi ìka nù ún."

Mo fi ìka nù ún, ìbọn wà lọ́wọ́ kejì. Ìka mi pọ́n. Ìpẹtà ti jẹ okùn náà tán.

"Láti ìgbà tí Bàbá ti kú kò sí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀," ó ní. "Okùn tó ti dógùn-ún, bí ẹ fi wúrà ṣe àpótí fún un, agolo ni yóò máa dún. Okùn tuntun ni mo gbé wá láti ilé. Mo fẹ́ so ó kí ẹ tó dé, kí ẹ má baà ní mò ń fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tèmi."

Mo ní kó fi ahọ́n kan irin àdá mi, kó búra. Ó búra. Ó so okùn tuntun, ó ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ ọ, ó ń yí i, títí tí wọ́n fi bára wọn mu. Síbẹ̀, nígbà tó parí, mo gba gìtá náà, mo fi okùn dè é mọ́ ara mi. Mo ń rìn, ó ń gbá mi nídìí. Ẹ lè rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Báyìí ni a dé ilé Ìyá Elétímẹ́fà. Inú àpáta ló ń gbé, ilé náà tutù, ó sì dúdú lókè. Arúgbó ni, kúkurú, mẹ́ta ni etí rẹ̀ lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, ó sì lè ti ọ̀kọ̀ọ̀kan pa bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Lára ògiri rẹ̀, mo rí ohun kan tó sá síbẹ̀ bí ata gbígbẹ. Mo súnmọ́ ọn. Etí ènìyàn ni.

"Ẹ má bẹ̀rù ìyẹn," ó ní. "Àwọn tó wá parọ́ fún mi ló ni wọ́n. Ìwọ ọdẹ, ọmọ Olówóòkéré ni ọ́. Bàtà rẹ ló sọ fún mi, o ń fi ẹsẹ̀ òsì wọ́lẹ̀ bíi tirẹ̀. Kí lo wá gbà?"

"Ìyá, ohùn gìtá tí ẹ fún bàbá mi."

"N kò fún un ní nǹkan kan. Kí ni mo ní? Etí. Òun ló ta á, èmi ló gbọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀, dáhùn èyí: Mo jìnnà, mo gbọ́ gbogbo ilé. Mo súnmọ́, mo gbọ́ ẹnu. Mo súnmọ́ jù, èémí nìkan ni mo gbọ́. Ta ni mí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin Ìyá, ìyẹn kò le. Amí ni! Ẹni tí ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀!"

Arúgbó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ohun tó wà nínú ọkàn rẹ lo fi dáhùn."

Làmídì rọra ní, "Màìkì ni, Ìyá."

"Màìkì ni. Ó dára. Ẹ ta gìtá yín, kí ẹ gbà á sínú ẹ̀rọ yín, kí ẹ fi í hàn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bí mo bá gbọ́ irọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ó fi etí yín sílẹ̀ fún mi." Ó yọ ọ̀bẹ, ó fi í lélẹ̀ lórí ẹní.

Èmi ni mo ṣe ti àkọ́kọ́. N kò jẹ́ kí Làmídì súnmọ́ nǹkan kan. Mo gbé àpótí sílẹ̀ lórí àpáta, mo yí gbogbo kókó rẹ̀ dé òpin nítorí mo rò pé agbára ni ọ̀rọ̀ náà, mo sì ní kí Làmídì gbé màìkì rẹ̀ dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́nu ọ̀nà. Mo ta á. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ náà gbọ́ ọ, oyin nínú agolo ni, àpáta sì ń hó lábẹ́ rẹ̀ bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Arúgbó ti etí méjì pa. "Mo gbọ́ òkúta. N kò gbọ́ ènìyàn."

Mo ní, ó dára, bí jíjìnnà kò bá dára, súnmọ́súnmọ́ ni. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi màìkì kan ẹnu àpótí náà gan-an láàárín gbùngbùn, mo sì ta okùn bí ẹni ń la igi. Abẹ́rẹ́ tó wà lójú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì fò sí ojú pupa, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ohùn tó jáde ń ya bí aṣọ ògbólógbòó. Arúgbó ti etí mẹ́ta mìíràn pa. Etí kan ṣoṣo ló kù. "Mo gbọ́ ìjà," ó ní. Ó fọwọ́ pa ọ̀bẹ lára.

Làmídì kúnlẹ̀ níwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣe èyí tó kù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ṣe é, ẹ kò gbọdọ̀ máa ṣọ́ mi. Ẹni tó ń ṣọ́ ènìyàn kò lè ta gìtá."

"Kí n di ojú, kí o gbé ẹ̀rọ sá lọ? Làmídì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo rí ìwọ àti Bàbá. O fẹ́ ra gìtá yìí, Bàbá kọ̀. Sọ pé irọ́ ni."

Làmídì wo ẹ̀rọ rẹ̀ nílẹ̀. "Irọ́ ni. Bàbá ló wá bá mi. Ó mọ̀ pé àìsàn òun kò ní í lọ. Ó ní, 'Làmídì, gbé ẹ̀rọ rẹ wá, kí o gba ohùn gìtá yìí sílẹ̀ fún Fẹ́hìntọlá, kó má baà dá nìkan wà.' Mo ní, 'Bàbá, mo ń bọ̀ lọ́la, rẹdíò àwọn ènìyàn wà lọ́wọ́ mi.' Ó tún wá. Mo ní lọ́la. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ọ̀pá rìn wá. Mo ní lọ́la, Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra. Ọ̀la tí mo wí, ọjọ́ yẹn ni ẹ̀yin ń gbẹ́ sàréè."

Ẹ̀yin ará mi, ìbọn tí mo nà sí i létí odò, mo rí i bí ẹni pé àyà tèmi ló kọjú sí. Mo tú okùn tí mo fi de gìtá mọ́ ara mi. Mo jókòó. Mo di ojú.

Ẹ gbọ́ ohun tí Làmídì ṣe, nítorí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn náà ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ó gbé àpótí kúrò nílẹ̀, ó gbé e ka orí kùkùté igi. Ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó gba dáńṣíkí mi, ó gba ẹní arúgbó náà, ó fi wọ́n kọ́ yí wa ká kí àpáta má baà máa dá wa lóhùn. Ó dá gbogbo kókó padà sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó rọra ń fà wọ́n sókè díẹ̀díẹ̀, títí dé ibi tí ohùn náà ti fẹ́ họ ṣùgbọ́n tí kò tíì ya. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ó ní kí n máa ta á. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àpótí, ó ń gbé etí rẹ̀ kiri lẹ́nu rẹ̀, àárín, òkè, ìsàlẹ̀, bí ìyá tó ń wá ibi tí ọmọ ti ń gbóná lára. Lójijì ó dúró. "Ibí ni," ó ní. Kì í ṣe àárín. Ẹ̀gbẹ́ ni, ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí i. Ibi tí etí rẹ̀ wà ló gbé màìkì sí.

Mo ń gbìyànjú láti ṣe ọwọ́ Bàbá. Arúgbó sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn: "Ọdẹ, má gbé ọwọ́ òkú wá síbí. Ta tìrẹ."

Mo ta tèmi. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ìyá mi ni mò ń rò, ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọ sí wa, egungun èjìká rẹ̀ tó yọ lábẹ́ aṣọ.

Nígbà tí a fi ẹ̀rọ náà gbọ́ ọ, arúgbó ṣí etí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi là. Kò yìn wá. Ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó lọ fi bẹ iṣu.

"Ìyá," mo ní, "ṣé ohùn Bàbá mi ni?"

"Kò purọ́," ó ní. "Ẹ máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ìdáhùn yẹn ń jẹ mí lọ́kàn títí a fi délé. Kò sọ pé òun ni. Mo fura pé arúgbó ti tàn wá jẹ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọjọ́ kẹta rèé tí omi nìkan ti ń kọjá lọ́fun àbúrò òun. A gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn aṣọ tí a fi ta ẹnu ọ̀nà iyàrá. Làmídì tẹ̀ ẹ́. Ohùn gìtá náà wọlé lọ bá ìyá mi, ó rọra móoru, ó rọra họ. Mo yọjú ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Kò mira. Ó tún pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà kúrò lójú ògiri, egungun rẹ̀ ń dún, ó wo aṣọ ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi tó ti di odi fún oṣù mẹ́rin la ẹnu, ó ní:

"Ta nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yára ní, "Olówóòkéré ni. Ọkọ rẹ ló ń pè ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má purọ́ fún mi. Olówóòkéré kọ́." Ó tún fetí sílẹ̀. "Bí Olówóòkéré bá dé ibi tó dùn, sísá ló máa ń sá kọjá níbẹ̀, kò ní sùúrù. Ẹni yìí ń dúró. Ọdẹ́níran ni. Ọdẹ́níran! Kí ló dé tí o ń fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ bí olè nínú ilé bàbá rẹ? Wọlé wá kí n rí ọ."

Mo wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà fúyẹ́ bí ewé. Ó béèrè omi, ó mu ún. Ó béèrè ẹ̀kọ, ó jẹ ìdajì. Nígbà náà ló ní, "Ta ló ń mí wẹ̀ẹ̀wẹ̀ẹ̀ lóde yẹn?"

Làmídì wọlé, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀la, ọ̀la yẹn fún un láìfi ìkan pamọ́, omijé ń bọ́. Ìyá mi gbọ́ ọ tán. Kò sọ pé kò burú. Ó wo ẹ̀rọ náà pẹ́ títí.

"Ohun tó gba gìtá yìí sílẹ̀," ó ní, "ṣé ó lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu?"

"Ó lè gbà á, Màámi."

"Gbé e súnmọ́ mi. Má gbé e súnmọ́ jù."

Làmídì tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí Olówóòkéré kọ́kọ́ bá a létí odò tó ní kó fún òun lómi mu, ó ń sọ ọ́ bọ̀, oúnjẹ tó fẹ́ràn, irọ́ tó máa ń pa, orin tí kò lè kọ parí. Kò pẹ́ tí bátìrì fi kú. Mo rí i tí Làmídì ń wo abẹ́rẹ́ tó ti dùbúlẹ̀, òun náà sì rí i pé mo rí i. Kò sí ẹni tó sọ fún ìyá mi nínú wa. A jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, àwa méjèèjì, a ń fetí wa gba ìyókù.